Ìlẹ̀kùn Kejì

Ẹni tó ta ère ẹlẹ́ṣin fún mi fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó sì nà án sókè. Ó ní irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn. Ó ní bàbá tó gbẹ́ ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní í gbẹ́ òmíràn mọ́, ìdí sì nìyẹn tí owó rẹ̀ fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo san owó náà. Ère ọ̀hún kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ: ọkùnrin onírùngbọ̀n kan jókòó lórí ẹṣin kékeré, ó di ọ̀kọ̀ mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi tòsì di ìjánu, ojú rẹ̀ sì yọ síta bí ojú ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn. Mo gbé e sí pálọ̀ mi ní Àrámọ̀kọ. Àlejò kì í wọlé kí n má sọ fún un pé ọ̀kan ṣoṣo tó wà láyé ló ń wò yẹn.

Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo lọ síbi ìgbéyàwó ní ìlú mìíràn, mo sì yà kí àwọn ẹbí tó wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì. Ibi tí mo ti ń dúró dè wọ́n ni mo ti gbójú sókè. Ẹlẹ́ṣin mi ni mo rí, mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n tò wọ́n sórí pákó ní ẹ̀yìn ibi tí àlejò ti ń gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kọ̀ kan náà, irùngbọ̀n kan náà, ojú tó ń wo ọ̀nà jíjìn kan náà. Ojú tì mí, bí ẹni pé gbogbo àlejò tí mo ti sọ̀rọ̀ fún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò mí. Nígbà tí mo padà délé, mi ò lè wo ère náà tààrà fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ta ló ṣẹ̀ mí? Ṣé ẹni tó gbẹ́ ẹ ni, tàbí ẹni tó tà á, tàbí èmi tí mo ń fi ohun tí ẹlòmíràn kò ní yangàn? Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi, mo sì ti rí i pé ìbéèrè náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ mi nìkan. Káàkiri ayé lónìí, àwọn tó ń kó nǹkan jọ ń bá àwọn tó ń ṣe nǹkan fa ọ̀rọ̀ yìí: ère ike àwọn akọni inú fíìmù, káàdì, àwòrán, bàtà pàápàá. Ilé iṣẹ́ á ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré ni àwọn máa ṣe. Àwọn olùfẹ́ nǹkan á tò sórí ìlà, wọ́n á rà á ní ìlọ́po owó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé iṣẹ́ kan náà á tún gbé e jáde. Àwọn tó ti rà tẹ́lẹ̀ á ní wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ. Àwọn tí kò rí i rà nígbà àkọ́kọ́ á ní ọpẹ́ ni. Èwo ló tọ́?

Ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ pè sí ẹjọ́ yìí ni Ọlọ́wẹ̀. Ayé ń pè é ní Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀, nítorí pé Ìṣẹ̀-Èkìtì ló fi ṣe ilé, tó sì ti ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà, títí tó fi kú ní 1938. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1873, àwa ará ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò sì ní í jẹ́ kí ìyẹn di ohun ìgbàgbé. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní mùsíọ́mù Chicago lónìí: ọba jókòó, ìyàwó àgbà rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin náà sì ga ju ọba lọ fíofío.

Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Alápá méjì ni. Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sí i ni ọjọ́ tí òyìnbó ìjọba kan, Captain Ambrose, wá kí Ògògà. Ní apá kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, àwọn ayaba wà nítòsí rẹ̀. Ní apá kejì, wọ́n gbé òyìnbó náà rù, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ bí ẹni tí ara rẹ̀ kò rọ̀. Àwọn ènìyàn inú iṣẹ́ náà kò sùn mọ́ ara pákó bí ti ìlẹ̀kùn tí àwọn yòókù ń gbẹ́. Wọ́n dìde kúrò lára rẹ̀ débi pé wọ́n ní òjìji tiwọn.

Ní 1924, wọ́n yá ìlẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Àwọn British Museum rí i, ó wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀, kò tà á. Ohun tó gbà ni pàṣípààrọ̀: kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n gbé e wá, kí wọ́n sì máa mú ìlẹ̀kùn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ọlọ́wẹ̀ wá gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn sí ààfin dípò èyí tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mùsíọ́mù ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ kan ni. Kí ọjọ́ tó lọ títí, ẹni tó gbẹ́ ẹ ti gbé àáké, ó ń gbẹ́ òmíràn. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pe Ọlọ́wẹ̀ ní oníjìbìtì. Kò sí ẹni tó ní ìlẹ̀kùn kejì bu iyì ti àkọ́kọ́ kù. Ìdí rẹ̀ ni pé Ọlọ́wẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn pé òun ti dá ọwọ́ dúró. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ ní ààfin, ó sì yẹ kí ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó ti agbẹ́gilére mọ̀ pé iṣẹ́ náà ní ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ. Ọnà lílé ló ṣáájú: àáké ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ń wá ibi tí orí wà àti ibi tí ẹsẹ̀ wà nínú ìtì igi. Alétúnlé ló tẹ̀ lé e, tí ojú, etí àti ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yà ara wọn sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí ara ère á máa yọ̀ bí ara ọmọ tí wọ́n fi òróró pa. Fífín ló kẹ́yìn, ọ̀bẹ kékeré ló ń ṣe é: irun, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Nínú ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, igi náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Igi ọmọ̀ kò gba ọ̀bẹ bí ìrókò ṣe ń gbà á. Kókó á yọ níbi tí imú yẹ kó wà, agbẹ́gilére á sì yí imú sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ní òun gbẹ́ ère kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àfiwé ló ń ṣe.

Àwòkọ sì ni ilé ẹ̀kọ́ wa. Báyìí ni ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́: ọ̀gá á gbé ère kan síwájú rẹ̀, òun náà á gbẹ́ irú rẹ̀, títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Ní Ẹ̀fọ̀n, Agbọnbíọ̀fẹ́ ti ìdílé Adéṣínà, ẹni tó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláàyè, tó sì kú ní 1945, gbẹ́ abiyamọ àti ẹlẹ́ṣin láìmọye ìgbà. Mi ò gbọ́ pé ọba kankan rán ẹ̀mẹsẹ̀ sí i pé kó má gbẹ́ ẹlẹ́ṣin fún ọba mìíràn mọ́. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn dù ni ọwọ́ ọ̀gá, ta ló máa kọ́kọ́ rí i gbà wá sí ààfin tirẹ̀.

Ẹ wo ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, babaláwo á ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ère. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á lára, á máa fún un lóúnjẹ, á sì máa gbé e pọ̀n. Mo ti di ọ̀kan mú rí, tó ti tó ọdún rẹ̀ dáadáa. Imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ilà ojú tí agbẹ́gilére fín ti parẹ́, ojú ti di òjìji ojú, búlúù ìfọṣọ sì kù díẹ̀ nínú kòtò irun rẹ̀. Omi ìwẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ ìyá kan, ní àràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ikán bá jẹ irú ère bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbẹ́ òmíràn, ìyá á sì tún bẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀ láti orí. Agbẹ́gilére kan lè gbẹ́ ọgọ́rùn-ún tó jọra, kò sí ìyá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó máa ní wọ́n tún ọmọ òun gbé jáde.

Àwọn olùkójọ láti òkè òkun ń san owó ńlá fún irú ojú tó ti jẹ yẹn. Nítorí ìyẹn ni àwọn kan ṣe ń gbẹ́ tuntun, tí wọ́n ń fi iyanrìn ha ojú rẹ̀, tí wọ́n ń fi èéfín pa á láró, tí wọ́n sì ń sọ pé ti ìyá àgbà àwọn ni. Olè ni mo ń pe ìyẹn. Mo yà á sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára ẹni tó gbẹ́ ère tuntun tó sì pè é ní tuntun. Ẹ̀ṣẹ̀ olè náà ni pé ó ji ọ̀pọ̀ ọdún ìwẹ̀ ìyá kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta.

Ṣé a wá ní ohun tí a ń ka iye rẹ̀ nílẹ̀ wa? A ní in. Adé ni. Ìdílé Adéṣínà ti Ẹ̀fọ̀n kan náà ló lókìkí jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá nínú sísin ìlẹ̀kẹ̀ sí adé. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, òwú wà, ìlẹ̀kẹ̀ wà, ọwọ́ wọn sì yá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé owó wá ni wọ́n lè sin adé onílẹ̀kẹ̀ fún, nítorí pé orí tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i níye. Ní 1903, ọ̀rọ̀ yìí le débi pé Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní kúrò ní Ifẹ̀ lọ sí Èkó, nígbà tí Gómìnà MacGregor bẹ̀ ẹ́ kó wá sọ bóyá Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ ní Rẹ́mọ lẹ́tọ̀ọ́ láti dé irú adé bẹ́ẹ̀. Ọọ̀ni ní kò lẹ́tọ̀ọ́. Ní Èkìtì níbí, gbogbo wa la mọ ohun tí ọba aládé mẹ́rìndínlógún túmọ̀ sí. Alárá mọ̀ ọ́n, Ajerò mọ̀ ọ́n, Aláàyè mọ̀ ọ́n. Bí ìjọba bá sì dìde lónìí láti fi adé kún adé, ariwo tó ń sọ kì í ṣe ariwo ìlara lásán. Ẹni tó jẹ oyè lórí ìgbàgbọ́ pé iye kan ló wà ti rí i tí wọ́n yí iye náà padà lẹ́yìn tó ti jókòó.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú ọ̀rọ̀ náà. Ìlẹ̀kùn kò níye, adé níye, a kò sì ní láti da àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ẹni tó ń ṣe nǹkan bá dákẹ́, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè iye. Àmọ́ bó bá ti la ẹnu sọ pé mẹ́wàá ni òun máa ṣe, tó sì fi mẹ́wàá náà gbówó lé ọjà, ó ti ta nǹkan méjì fún oníbàárà: ó ta ère, ó sì ta ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹyin lohùn. Bó bá ṣe ìkọkànlá, kò gba ère àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á, ṣùgbọ́n ó ti gba ohun kejì padà láìdá owó rẹ̀ padà.

Àwọn aláwọ̀ funfun náà ti gbé irú ẹjọ́ yìí dé kóòtù. William Eggleston, ayàwòrán ará Memphis ní Amẹ́ríkà, ti tẹ àwọn fọ́tò rẹ̀ kan jáde tẹ́lẹ̀ ní iye tó mọ níwọ̀n. Ní oṣù Kẹta 2012, ó tún tẹ 36 jáde, nínú wọn sì ni èyí tí àwọn kan ti ra ẹ̀dà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n tóbi, ó fi ẹ̀rọ ìgbàlódé tẹ̀ wọ́n, Christie's sì tà wọ́n ní iye tó lé ní dọ́là mílíọ̀nù 5.9. Olùkójọ kan, Jonathan Sobel, pè é lẹ́jọ́ pé ó ti sọ tòun di yẹpẹrẹ. Ní 2013, adájọ́ ní ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ẹ̀dà tuntun ni, ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yàtọ̀. Òfin lè sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kò rò pé ó tán síbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ pé “ogún péré” kò rò ó nínú ara rẹ̀ pé ogún kékeré ni, ńlá ń bọ̀. Ó gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá gbọ́.

Àwọn tó ń ṣe eré káàdì Magic: The Gathering ṣe ohun tó dára ju ìyẹn lọ lójú mi. Ní 1995, wọ́n tún àwọn káàdì àtijọ́ kan tẹ̀ lábẹ́ orúkọ Chronicles, àwọn olùkójọ sì fárígá. Ní 1996, wọ́n kọ orúkọ àwọn káàdì kan sílẹ̀ ní gbangba pé àwọn kò ní í tún wọn tẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá rà ti mọ ohun tó níye àti ohun tí kò níye. Faransé sì ti fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ fún ère tí a ń fi bàbà dà: méjìlá ni, ohunkóhun tó bá ti kọjá méjìlá, àwòkọ lásán ni. Ó rọrùn láti kà, ó sì rọrùn láti mọ ẹni tó bá rú u.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé, nítorí ohun kan wà tí àwọn tó ń bẹ̀rù àwòkọ kì í rò. Ayàwòrán Ben Enwonwu ya Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọba Ifẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta ní 1973 sí 1974. Ojú kan náà, ọrùn gígùn kan náà. Àwòrán náà, tí wọ́n ń pè ní Tutu, di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà, ó sì wọ pálọ̀ àwọn ènìyàn káàkiri Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló dàgbà lábẹ́ ojú Tutu láìmọ orúkọ ẹni tó yà á. Nígbà tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde ní ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Bonhams tà á ní oṣù Kejì 2018 ní iye tó lé ní pọ́n-ùn mílíọ̀nù 1.2. Bébà orí ògiri wa kò dín in kù. Èmi gbà pé òun gan-an ló gbé e ga, nítorí pé gbogbo orílẹ̀-èdè ti mọ obìnrin náà kí àwọn olówó tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń dun olùkójọ yé mi, nítorí ó ti dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń gbẹ́. Ó ta ère ní iye tó lè ra àpò ìrẹsì. Ẹni tó rà á tà á lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó fi ra ọkọ̀. Bí agbẹ́gilére bá gbẹ́ irú rẹ̀ mìíràn kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹun, a ní ó ba ọjà jẹ́. Ọjà ta? Òfin ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá ti Nàìjíríà, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ní oníṣẹ́ ọnà ní ìpín nínú owó nígbà tí wọ́n bá ń tún iṣẹ́ rẹ̀ tà. Bí ìpín yẹn bá ń dé ọwọ́ àwọn tó wà ní Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò ní tòótọ́, n óò kọ́kọ́ dìde bá wọn sọ pé kí wọ́n dín ọwọ́ kù. Títí dìgbà náà, mi ò lẹ́nu láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ju àáké sílẹ̀ kí ère mi lè wọ́n.

Ohun tí mo lè béèrè ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bándélé ọmọ Aréògún ní ìgbà tí Fadá Carroll ń darí ilé iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, máa ń fín orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀bẹ tó fín irùngbọ̀n lè fín orúkọ, ó lè fín ọdún, ó sì lè fín iye. Bó bá jẹ́ ẹ̀kejì, kó kọ èjì. Bí kò bá fẹ́ dá iye lé e, kó má jẹ́ kí ẹni tó ń bá a tajà dá iye lé e lẹ́yìn rẹ̀.

Mo gbé ẹlẹ́ṣin mi lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Mo fi aṣọ wé e sórí ìjókòó ọkọ̀, a gba Ìtàwúrẹ́ gun òkè, kùrukùru ṣì bo orí àpáta. Bàbá agbẹ́gilére kan ni mo lọ bá, ẹni tí ọ̀rẹ́ mi júwe fún mi. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Wọn kò kọ́kọ́ wo ojú ère náà rárá, ńṣe ni wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n fi èékánná ha ìdí rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

“Ọ̀gá ló lé e,” wọ́n ní. “Ọmọ iṣẹ́ ló fín in. Wo etí ẹṣin yìí, ọ̀bẹ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi ìlà kejì bò ó.”

Mo wò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní ère náà, mi ò sì rí ìlà yẹn rí. Mo rántí àwọn mẹ́ta tí mo rí ní òtẹ́ẹ̀lì. Mi ò sún mọ́ wọn wo etí wọn.

“Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀kan ni?”

“Ẹni tó tà á fún mi ni, bàbá.”

“Òun kọ́ ló gbẹ́ ẹ.”

Wọ́n dá ère náà padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹ̀yìn ẹṣin. Mo ní ṣé wọ́n lè gbẹ́ irú rẹ̀ fún ọmọ mi obìnrin, tó ń kó lọ sí ilé tirẹ̀. Bàbá ní òun lè gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú rẹ̀, ẹlẹ́ṣin òun ni òun máa gbẹ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ orúkọ wọn àti ọdún sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye tó bá jẹ́. Wọ́n mi orí. Wọ́n fa ìtì igi ọmọ̀ kan jáde láti abẹ́ ìjókòó, wọ́n lù ú pẹ̀lú ẹ̀yìn àáké, wọ́n dẹtí sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún nawọ́ gán ẹlẹ́ṣin mi, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n mú ọ̀bẹ kékeré.

“Kí ni kí n kọ sábẹ́ tìrẹ?”

Mo dúró síbẹ̀, mo ń ka èyí tó wà lọ́wọ́ wọn àti mẹ́ta tí mo rí. Mi ò mọ iye tó yẹ kí wọ́n kọ.